Ẹ̀yáwó ń há sí àárín ọ̀nà: ṣé ká kọ ẹ́ńjìnnì tiwa ni, àbí ká mú èyí tó wà nílẹ̀?

Òǹkàwé kan kọ̀wé sí wa láti Ìbàdàn pé: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa mẹ́ta la jọ ń kọ ètò kọ̀ǹpútà kan tí èèyàn lè fi ya bí iṣẹ́ ṣe ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn ní ọ́fíìsì, tí kọ̀ǹpútà á sì máa tẹ̀lé ohun tí a yà. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ló kọ́kọ́ ń fi í ṣe ẹ̀yáwó wọn. Gbogbo àmì inú àwòrán náà, àwa la ṣẹ̀dá wọn. Ohun tó ń dà wá láàmú ni pé ìbéèrè àwọn kan máa ń há sí àárín ọ̀nà láìsí ìdí, ti àwọn míì á sì dé ọ̀dọ̀ akápò lẹ́ẹ̀mejì. A fẹ́ gbé kóòdù wa síta ní open source, kí ẹnikẹ́ni lè rí i, kó lò ó, kó sì tún un ṣe. Ṣé ká máa bá tiwa lọ ni, àbí ká jáwọ́, ká lọ mú èyí tó ti wà nílẹ̀? Tí a bá sì gbé e síta, kí ló máa dá ilé-iṣẹ́ ńlá dúró kó má sọ ọ́ di tiẹ̀?”

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú làálàá. Bí mo ṣe ka ìbéèrè yín, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni mo bá níbẹ̀ tí ẹ dì sínú ẹrù kan: àmì tí ẹ fi ń yàwòrán, ẹ́ńjìnnì tó ń mú àwòrán náà ṣiṣẹ́, àti ẹni tó ni kóòdù lẹ́yìn tó bá ti jáde tán. Ti àárín ló ń dùn yín jù, ibẹ̀ náà ni màá sì pẹ́ sí. Ṣùgbọ́n kí n tètè sọ ibi tí mo dúró: ẹ má fi iṣẹ́ yín sílẹ̀, àmọ́ ẹ jọ̀wọ́, ẹ jáwọ́ nínú àmì tiyín àti ẹ́ńjìnnì tiyín. Àwọn tó ń kọ ẹ́ńjìnnì pọ̀ ní ìlú bíi Berlin nílẹ̀ Jámánì, wọ́n sì ti ń kọ ọ́ tipẹ́. Àwọn tó mọ bí owó ṣe ń rìn nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, tó mọ ẹni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé kí akápò tó fọwọ́ kan owó, tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí onídùúró bá yí ohùn padà lọ́jọ́ kẹta, wọn ò pọ̀ nídìí iṣẹ́ yìí rárá. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí okun yín lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ àmì kúrò nílẹ̀. Mo mọ ìdí tí ẹ fi ṣe tiyín. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣí ìwé BPMN, ìyẹn àwọn àmì àjùmọ̀lò tí ayé fi ń ya ìlànà iṣẹ́, á rí àmì rẹpẹtẹ, á sì sọ pé akọ̀wé ẹgbẹ́ kò lè lóye èyí láé. Àjọ kan tó ń jẹ́ BPMI ló gbé ẹ̀dà àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní 2004, Stephen White ti ilé-iṣẹ́ IBM sì wà lára àwọn tó ṣe gudugudu méje nídìí rẹ̀. Ní 2005, àjọ náà wọ inú OMG, àjọ mìíràn tó ń ṣe ìlànà àjùmọ̀lò fún kọ̀ǹpútà. Ẹ̀dà 2.0 jáde ní oṣù kìíní ọdún 2011, ISO, àjọ ìlànà àgbáyé, sì gbà á wọlé ní 2013 pẹ̀lú nọ́ńbà 19510. Ẹ̀dà 2.0 yẹn ló yí ọ̀rọ̀ padà. Kó tó dé, àwòrán tí èèyàn ń wò ni, kò ní fáìlì tirẹ̀, oníkálukú ló sì ń túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe wù ú bó bá fẹ́ mú un ṣiṣẹ́. Láti ìgbà náà, ètò kan lè kọ àwòrán sínú fáìlì XML, ìyẹn fáìlì ọ̀rọ̀ tí kọ̀ǹpútà yòówù lè kà, kí òmíràn kà á, àmì kọ̀ọ̀kan sì ní ìtumọ̀ tí ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tẹ̀lé. Nígbà tí ẹ ṣẹ̀dá àmì tiyín, gbogbo nǹkan wọ̀nyẹn lẹ jù nù. Kò sí ẹlòmíràn tó lè ṣí àwòrán yín, kò sí ẹni tó máa dé láti ibòmíràn tó ti mọ̀ ọ́n kà, ẹ̀yin mẹ́ta nìkan lẹ ó sì máa kọ ohun tó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó tọ̀nà.

Ní ti pé àmì BPMN pọ̀ jù, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń lo gbogbo rẹ̀. Michael zur Muehlen àti Jan Recker kó àwòrán BPMN jọ láti ọwọ́ oríṣiríṣi èèyàn, wọ́n sì tẹ ohun tí wọ́n rí jáde ní 2008: ní ìpíndọ́gba, oríṣi àmì 9 péré ló wà nínú àwòrán kan. Ẹ mú àmì ìbẹ̀rẹ̀ àti ti ìparí, àpótí iṣẹ́, oríta oríṣi méjì, aago àti ọfà. Ẹ yọ ìyókù kúrò níbi tí akọ̀wé á ti máa rí i. Ètò yín á rọrùn bó ṣe rọrùn tẹ́lẹ̀, fáìlì tó bá sì jáde nínú rẹ̀ á jẹ́ èyí tí gbogbo ayé lè kà.

Ó wá kan ìbéèrè tó ń há àti èyí tó ń di méjì. N kò tíì rí kóòdù yín, nítorí náà n kò lè tọ́ka sí ìlà kan kí n ní òun nìyí. Ohun tí mo lè ṣe ni kí n sọ àwọn ibi tí mo ti ń bá irú ìṣòro yìí nínú ètò àwọn ẹlòmíràn, nítorí ibi kan náà ni wọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Àṣìlóye tó wà nídìí rẹ̀ ni ti ọfà. Lójú èèyàn, ọfà túmọ̀ sí pé “lẹ́yìn èyí, ṣe tọ̀hún.” Lójú ẹ́ńjìnnì, ọ̀nà tí nǹkan kan ń gbà kọjá ni, nǹkan náà ni wọ́n ń pè ní tókìn. Carl Adam Petri, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ló fi ìpìlẹ̀ irú ìrònú yìí lélẹ̀ nínú ìwé tó fi gboyè ọ̀mọ̀wé ní 1962, orí rẹ̀ náà sì ni púpọ̀ nínú ohun tí BPMN ń ṣe lónìí dúró lé. Ẹ fi ọmọ ayò ṣe tókìn kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé yín dáadáa. Ẹ tẹ àwòrán yín sórí bébà, ẹ gbé ọmọ ayò kan sórí àmì ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa sún un síwájú bí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan bá ti ń parí. Bí ó bá dé oríta tó ń ṣí gbogbo ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ fi ọmọ ayò kan sí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá dé oríta tó ń yan ọ̀nà kan ṣoṣo, ọmọ ayò kan yẹn náà ló máa gba ibi tó yẹ.

Ẹ wá wo ẹ̀yáwó yín bí mo ṣe rò pé ó rí. Ọmọ ẹgbẹ́ kọ fọ́ọ̀mù. Akọ̀wé ń yẹ ìwé ìfowópamọ́ rẹ̀ wò, lákòókò kan náà onídùúró ń fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà, ó kan akápò. Ọmọ ayò méjì ló wà lójú ọ̀nà báyìí, ọ̀kan lọ́wọ́ akọ̀wé, ọ̀kan lọ́wọ́ onídùúró. Bí ẹ bá fa ọfà ti akọ̀wé tààrà sínú àpótí akápò, tí ẹ sì fa ti onídùúró náà tààrà síbẹ̀, ti ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣe tán á ṣí àpótí akápò, ti èkejì á sì tún un ṣí nígbà tó bá dé. Nínú BPMN, òfin ni bẹ́ẹ̀: àpótí tí ọmọ ayò méjì bá wọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ló máa ṣiṣẹ́. Nítorí náà, ó ṣeé ṣe kí ẹ́ńjìnnì yín máà ṣẹ̀ rárá, kó jẹ́ pé ohun tí ẹ yà gan-an ló ń ṣe. Oríta ìpadàpọ̀ ló yẹ kó wà níwájú akápò, èyí tó máa mú ọmọ ayò àkọ́kọ́ dání títí èkejì á fi dé, kó tó jẹ́ kí ẹyọ kan kọjá.

Èyí tó ń há, ìdàkejì rẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ̀yáwó kékeré ń lọ tààrà sọ́dọ̀ akápò, ti ńlá sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ọwọ́ ìgbìmọ̀ kọjá. Oríta tó yan ọ̀nà kan ṣoṣo nìyẹn, ọmọ ayò kan ló sì jáde níbẹ̀. Bí ẹ bá wá fi oríta tó ń dúró de gbogbo ọ̀nà pa wọ́n pọ̀ níwájú, á máa dúró de ọmọ ayò kejì tí kò sí níbì kankan. Kò sí àṣìṣe tó máa hàn, kò sí ìkìlọ̀, ó kàn dúró síbẹ̀ ni. Nígbà tí ọmọ ẹgbẹ́ bá wá béèrè owó rẹ̀, akọ̀wé á sọ pé kọ̀ǹpútà ò tíì gbé e jáde.

Wil van der Aalst, ọ̀jọ̀gbọ́n ọmọ ilẹ̀ Netherlands, ti fi ọwọ́ òfin mú ọ̀rọ̀ yìí láti àwọn ọdún 1990. Ìlànà tó dá ṣáká gbọ́dọ̀ ní ohun mẹ́ta: láti ibikíbi tí ìbéèrè bá wà, ọ̀nà gbọ́dọ̀ wà tó lè gbé e dé òpin, bó bá ti dé òpin, ọmọ ayò kankan ò gbọdọ̀ ṣẹ́kù lẹ́yìn, kò sì gbọdọ̀ sí àpótí tí kò sí ọ̀nà tó lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láé. Kọ̀ǹpútà lè yẹ èyí wò kí ìlànà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rárá. Ohun tó sì dùn mọ́ mi nínú ni pé ẹni tí kò kọ kóòdù rí lè fi ọmọ ayò ṣe é lórí tábìlì. Ẹ jẹ́ kí akọ̀wé àti akápò jókòó tì yín bí ẹ ti ń ṣe é. Wọ́n á rí ibi tí àwòrán ti yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n ń ṣe gan-an, wọ́n á sì sọ ọ́ fún yín kí ẹ tó béèrè. Oríta kẹta wà nínú BPMN tó lè ṣí ọ̀nà kan tàbí méjì tàbí gbogbo rẹ̀ bó bá ṣe yẹ. Ẹ fi sílẹ̀ ná. Bí ó bá di ibi ìpadàpọ̀, ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá ọmọ ayò míì ṣì lè máa bọ̀ lọ́nà, ìṣirò yẹn sì ti fún àwọn tó dàgbà nídìí iṣẹ́ yìí ní wàhálà.

Ohun mìíràn tó ń mú ìbéèrè há kò sí nínú ìwé àwọn òyìnbó, ó jẹ́ ti èdè wa. Mo fura pé ẹ fi ọ̀rọ̀ Yorùbá ṣe ìdáhùn nínú fọ́ọ̀mù, kí oríta máa yẹ̀ ẹ́ wò bóyá onídùúró kọ “Bẹ́ẹ̀ ni.” Lẹ́tà ẹ tó ní àmì ìsàlẹ̀ ní àyè tirẹ̀ nínú Unicode, ìyẹn àkójọ nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà gbogbo èdè, ṣùgbọ́n ẹ́ tó tún ní àmì ohùn lórí kò ní. Tẹlifóònù kan lè kọ ọ́ bí ẹ tí a fi àmì ohùn lé, òmíràn lè kọ ọ́ bí é tí a fi àmì ìsàlẹ̀ sí, ẹ̀kẹta lè kó e lásán àti àmì méjèèjì jọ. Lójú wa, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni. Oríta á wo “Bẹ́ẹ̀ ni” tí tẹlifóònù onídùúró gbé wá, kò ní bá tirẹ̀ mu, ọ̀nà kankan ò sì ní ṣí. Àwọn ẹ́ńjìnnì BPMN máa ń ké gbàjarè nírú ibẹ̀. Èyí tí èèyàn kọ fúnra rẹ̀ sábà máa ń dákẹ́ ni. Ẹ sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá wọlé di NFC, ìyẹn ọ̀nà ìkọ̀wé kan ṣoṣo tí Unicode là sílẹ̀ kí gbogbo wọn lè bára mu, kí ẹ tó tọ́jú rẹ̀, èdè kóòdù yòówù tí ẹ ń lò ti ní ohun tó ń ṣe é. Ju ìyẹn lọ, ẹ má fi ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń kà ṣe ohun tí oríta ń yẹ̀ wò. Ẹ jẹ́ kí “Bẹ́ẹ̀ ni” hàn lójú fọ́ọ̀mù, kí kóòdù kúkúrú tí kò ní àmì kankan lórí wà lẹ́yìn rẹ̀. Kí oríta kọ̀ọ̀kan sì ní ọ̀nà ìgbẹ̀yìn, èyí tí ìbéèrè máa gbà bí ìdáhùn kò bá bá ìkankan mu, kó lè bọ́ sọ́wọ́ èèyàn tó máa wò ó.

Lẹ́yìn èyí ni àkókò. Ìbéèrè ẹ̀yáwó kan lè lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́nà, torí onídùúró rìnrìn àjò, tàbí torí ìgbìmọ̀ kì í pàdé títí oṣù á fi parí. Láàárín ìgbà náà, iná á lọ, sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó gbé ètò yín dúró, á kú, á sì tún jí. Bó bá jẹ́ inú mẹ́mọ́rì nìkan ni ẹ́ńjìnnì yín ń tọ́jú ibi tí ọmọ ayò wà sí, ó ti gbàgbé nìyẹn. Àwọn ẹ́ńjìnnì tó ti dàgbà máa ń kọ ọ́ sínú dátábéèsì, ìyẹn ibi ìpamọ́ tí kì í gbàgbé bí iná bá lọ, ní gbogbo ibi tí iṣẹ́ bá ti dúró de èèyàn tàbí aago. Bí ẹ bá ṣí dátábéèsì Flowable tàbí ti Camunda 7, tí wọ́n jẹ́ ẹ́ńjìnnì BPMN méjì, ẹ máa rí tábìlì bíi ACT_RU_EXECUTION àti ACT_RU_TASK, òpó kan sì wà nínú wọn tó ń jẹ́ REV_. Nọ́ńbà ni, ó ń gòkè nígbàkígbà tí ẹnikẹ́ni bá yí ìlà náà padà. Bí akápò bá tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀mejì torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń fà, tí ìtẹ̀ méjèèjì sì jọ wọlé, èyí tó kẹ́yìn á bá nọ́ńbà tó ti yí padà, ẹ́ńjìnnì á sì kọ̀ ọ́. Owó tó jáde sí báǹkì le ju èyí lọ, nítorí dátábéèsì yín kò ní àṣẹ lórí ti báǹkì. Bí sáfà bá kú lẹ́yìn tí owó ti lọ, kó tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó lọ, ó máa tún un fi ránṣẹ́ nígbà tó bá jí. Kí ìsanwó kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ tí ẹ ti kọ sílẹ̀ kí ẹ tó ránṣẹ́, kí ẹ sì fi nọ́ńbà yẹn béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń bá yín san owó bóyá ó ti lọ, kí ẹ tó tún un ṣe. Kò sí ẹ́ńjìnnì tó lè bá yín ṣe apá yìí tán, bó ti wù kó dára tó.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀dà àwòrán kò ní kí n pẹ́ níbẹ̀: bí ẹgbẹ́ bá pinnu lónìí pé onídùúró méjì ni wọ́n fẹ́, ìbéèrè tó ti wà lọ́nà tẹ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ parí lórí àwòrán àtijọ́, àfi bí ẹ bá mọ̀ọ́mọ̀ gbé e bọ́ sórí tuntun. Ẹ́ńjìnnì tó bá kàn ń ka àwòrán tó kẹ́yìn nígbà gbogbo á gbé ìbéèrè àtijọ́ lọ sí àpótí tí kò sí mọ́.

Ní báyìí, ẹ lè rí ìdí tí mo fi ní kí ẹ má kọ ẹ́ńjìnnì. Nínú ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí, àwọn ẹlòmíràn ti yanjú púpọ̀, wọ́n sì fi yíyanjú rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Fún yíyàwòrán, ẹ mú bpmn-js, tí ilé-iṣẹ́ Camunda gbé síta ní 2014. Inú búráúsà ló ń ṣiṣẹ́, fáìlì BPMN 2.0 gidi ló ń kọ, ẹ sì lè túmọ̀ ọ̀rọ̀ ojú rẹ̀ sí Yorùbá láìfọwọ́ kan inú rẹ̀. Láísẹ́ǹsì rẹ̀, ìyẹn ìwé tó sọ ohun tí èèyàn lè fi kóòdù náà ṣe, fún yín láyè gbogbo, àfi pé ẹ kò gbọdọ̀ yọ àmì bpmn.io tó wà lójú rẹ̀. Wọ́n tún ní bpmnlint, tó ń ka àwòrán tó sì ń tọ́ka sí ibi tí kò dára. Fún ẹ́ńjìnnì, bí èdè kóòdù Python lẹ ń kọ, SpiffWorkflow á bá yín lára mu. Bí ẹ bá mọ èdè kóòdù Java, Flowable wà, Operaton náà sì wà. Java máa ń jẹ mẹ́mọ́rì o, bí sáfà olówó pọ́ọ́kú kan lẹ fẹ́ gbé e lé, ẹ dán an wò kí ẹ tó ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni. Ètò bíi Temporal tún wà, níbi tí èèyàn ti ń kọ ìlànà náà ní kóòdù láìyàwòrán kankan. Ó lágbára púpọ̀ níbi tí kò ti sí ẹni tí kì í ṣe olùkọ kóòdù tó fẹ́ rí ìlànà náà. Ní tiyín, alága ẹgbẹ́ fẹ́ rí i, torí náà n kò ní gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀.

Kí n má tàn yín jẹ, ohun tí ẹ máa pàdánù wà. Ẹ máa kọ́ bí ẹlòmíràn ṣe ronú, ọjọ́ míì á sì wà tí ohun tí ẹ̀yin ì bá fi wákàtí kan kọ á gba ọ̀sẹ̀ kan torí pé ẹ kò tíì rí ibi tí wọ́n fi sí. Bẹ́ẹ̀ ni èyí tí wọ́n ń sọ pé fáìlì BPMN lè ti inú ẹ́ńjìnnì kan bọ́ sínú òmíràn kò ju ààbọ̀ òtítọ́ lọ. Àwòrán máa ń bọ́ síbẹ̀ dáadáa. Ẹni tí iṣẹ́ kàn, fọ́ọ̀mù rẹ̀, àti kóòdù inú àpótí sábà máa ń wà ní apá kan tí wọ́n ń pè ní extensionElements, ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ń kọ tirẹ̀ síbẹ̀ bó ṣe wù ú. Ẹ jẹ́ kí ohun tó máa wà níbẹ̀ kéré, kí ẹ fi kóòdù tiyín ṣe ìyókù níta, kó lè rọrùn bí ọjọ́ kan bá dé tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣí kúrò.

Ọjọ́ náà sì lè dé, ìtàn àwọn ẹ́ńjìnnì yìí fi hàn bẹ́ẹ̀. Tom Baeyens ló bẹ̀rẹ̀ ẹ́ńjìnnì jBPM, tó gbé wọ inú ilé-iṣẹ́ JBoss. Ní 2010 òun àti Joram Barrez lọ bẹ̀rẹ̀ ẹ́ńjìnnì Activiti ní ilé-iṣẹ́ Alfresco. Ní 2013, Camunda ya kúrò lára Activiti. Ní 2016, Barrez àti Tijs Rademakers náà yà kúrò, wọ́n dá Flowable sílẹ̀. Camunda kọ ẹ́ńjìnnì tuntun fún ẹ̀dà 8, láti ẹ̀dà 8.6 tó jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2024 ni wọ́n sì ti sọ pé ẹni tó bá fẹ́ fi í ṣe iṣẹ́ gidi gbọ́dọ̀ gba láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ àwọn. Ẹ̀dà 7 tí gbogbo ayé ń lò lọ́fẹ̀ẹ́, oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni wọ́n fi òpin sí i. Kí ló gba àwọn tó gbé iṣẹ́ wọn lé e sílẹ̀? Láísẹ́ǹsì Apache 2.0 tó wà lórí kóòdù ẹ̀dà 7 ni. Ẹni tó bá ti fi kóòdù síta lábẹ́ rẹ̀ lè kọ ohun tuntun lábẹ́ òfin mìíràn lọ́la, ṣùgbọ́n kò lè gba èyí tó ti fi sílẹ̀ padà. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi lè mú un, tí wọ́n sọ ọ́ ní Operaton, tí wọ́n sì ń bá a lọ. N kò dá Camunda lẹ́bi, owó ni wọ́n fi ń sanwó àwọn tó ń kọ ọ́, bpmn-js tí mo ní kí ẹ mú sì jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀ ni pé kí ẹ wo ẹni tó di ẹ̀tọ́ gbogbo kóòdù mú, nítorí òun ló lè yí òfin padà.

Èyí náà ló dáhùn ìbéèrè yín nípa ilé-iṣẹ́ ńlá. Pé èèyàn lè rí kóòdù yín kò sọ ọ́ di open source. Bí kò bá ní láísẹ́ǹsì, kò sí ẹni tó ní àṣẹ láti lò ó rárá. Bí ẹ bá fi Apache 2.0 sí i, ẹnikẹ́ni lè mú un, kó tà á, kó má sì dá àtúnṣe kankan padà fún yín. Bí ẹ bá fi AGPL sí i, ẹni tó bá tún un ṣe tó sì ń fi í ṣiṣẹ́ fún àwọn èèyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ fún wọn ní kóòdù àtúnṣe náà. AGPL ni màá yàn fún ìpele tiyín, ìyẹn apá tó jẹ́ ti alájẹṣẹ́kù. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan kì í fọwọ́ kan AGPL rárá, ẹ ó pàdánù wọn, ṣùgbọ́n àwọn kọ́ lẹ ń kọ ọ́ fún. Àwòrán ìlànà fúnra wọn, ẹ̀yáwó, ìfowópamọ́, ẹni tó fẹ́ kó owó rẹ̀ jáde nínú ẹgbẹ́, ẹ fi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ pátápátá, kí ẹgbẹ́ kan ní Òṣogbo lè mú un kó sì tún un ṣe láìbèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ pinnu èyí kí ẹni àkọ́kọ́ láti ìta tó fi ìlà kóòdù kan ránṣẹ́ sí yín, nítorí lẹ́yìn náà, ẹ ó nílò ìfọwọ́sí rẹ̀ bí ẹ bá fẹ́ yí láísẹ́ǹsì padà.

Ẹ kò béèrè nípa oúnjẹ, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó wà lọ́kàn yín. Bonita, ètò ìlànà iṣẹ́ mìíràn tí ìwádìí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní INRIA, ilé ìwádìí kọ̀ǹpútà nílẹ̀ Faransé, ní 2001, di ilé-iṣẹ́ ní 2009, wọ́n sì ń gbowó lórí ìtọ́jú àti àfikún nígbà tí ẹ̀dà ọ̀fẹ́ rẹ̀ wà níta. Ní àyíká wa, ohun tí mo rí ni pé alága ẹgbẹ́ kì í ra kóòdù. Ẹni tó máa gbé fóònù nígbà tí ìbéèrè bá há ní ọ̀sán ọjọ́ ìpàdé ló ń ra, àti ẹni tó máa kọ́ akọ̀wé tuntun nígbà tí èyí tó mọ̀ ọ́n bá lọ. Owó wà níbẹ̀, kò pọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, n kò sì lè ṣèlérí pé á tó fún ẹ̀yin mẹ́ta láìní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́. Fọ́ọ̀mù tó ń ṣí lórí tẹlifóònù tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ kò lágbára, ìránnilétí SMS sí onídùúró, ọ̀rọ̀ Yorùbá tó péye lójú rẹ̀: n kò tíì rí ẹni tó ń bá yín du ìwọ̀nyẹn.

Ohun kan tó kù, ó sì kánjú. Ẹ ti ní ẹgbẹ́ kan tó ń lò ó, ó sì ṣeé ṣe kí ẹ ti fi orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti gbèsè àwọn ọmọ ẹgbẹ́ gidi dán kóòdù náà wò. Git, irinṣẹ́ tó ń tọ́jú gbogbo àtúnṣe kóòdù, kì í gbàgbé. Bí ẹ bá pa fáìlì náà rẹ́ lónìí, ó ṣì wà nínú ìtàn rẹ̀ fún ẹni tó bá mọ ibi tí á wò. Òfin ààbò dátà ti Nàìjíríà, tó jáde ní 2023, kan irú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ béèrè ibi tó kàn yín dé lọ́wọ́ agbẹjọ́rò, kì í ṣe lọ́wọ́ mi. Èyí tí mo lè sọ ni pé kí ẹ má gbé ìtàn Git àtijọ́ yẹn síta rárá. Ẹ ṣí àpò tuntun tó mọ́, ẹ kó kóòdù nìkan sínú rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí ẹ fi ọwọ́ ara yín hùmọ̀, kí ẹ sì gbé ìyẹn jáde.